Àpò téèpù kan láti Kàdúná: bí a ṣe mọ èyí tó jẹ́ interlaced àti èyí tí kì í ṣe é

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Kàdúná ló kó àpò téèpù kan wá sí sítúdíò kékeré kan ní Garki, ní Àbújá. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di fáìlì, kí àwọn ọmọ wọn tó ti fọ́n káàkiri lè máa wò ó lórí fóònù. Ohun tó wà nínú àpò náà kò bára mu rárá. VHS ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ láti bíi ọdún 1990 wà níbẹ̀, MiniDV (téèpù dígítà kékeré) tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi kámẹ́rà ọwọ́ yà wà níbẹ̀, téèpù HDV mélòó kan, tí àwòrán tiwọn jẹ́ HD, àti fláàṣì kan tó kún fún MP4 tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe wọ́n. Ọ̀gá sítúdíò ti ṣe apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó ti gbé e fún wọn, wọ́n sì ti dá a padà, kí ó tó ké sí mi pé kí n wá bá òun wò ó.

Ẹ̀sùn wọn yé èèyàn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, na fóònù rẹ̀ sí ọ̀gá: "Ọmọ mi, wò ó. Ẹni tó bá jókòó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹni tó bá ti dìde jó báyìí, etí aṣọ rẹ̀ á yọ eyín bí òòyà. Lójú tẹlifíṣọ̀n mi àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. A máa tún un ṣe."

Kò sí ohun tí ẹlẹ́rọ lè fi kún ọ̀rọ̀ bàbá yìí ju ìdí rẹ̀ lọ. PAL, ètò tẹlifíṣọ̀n tí a ń lò nílẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n ya àwọn téèpù yẹn, ní ìlà 625, 576 nínú wọn ló ń gbé àwòrán. Fírémù 25, ìyẹn odindi àwòrán 25, ló ń kọjá ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ya fírémù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìdá kan nínú àádọ́ta sẹ́kọ́ǹdù ó tún padà wá ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdajì méjèèjì yìí là ń pè ní field, 50 ló sì ń wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan. Iye yẹn bá iná mànàmáná wa mu, tí òun náà jẹ́ 50 Hz, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Fídíò tí wọ́n yà báyìí ni interlaced. Èyí tí kámẹ́rà ya gbogbo ìlà rẹ̀ ní àkókò kan náà ni progressive.

Tẹlifíṣọ̀n onígò bàbá máa ń fi field méjèèjì hàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n gan-an. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlà pátá ló máa tò jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó jókòó kò tíì kúrò níbi tó wà láàárín field kìíní àti ìkejì, nítorí náà ojú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń jó ti kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀, ìlà kan á wá ní ọwọ́ wà níbí, èyí tó tẹ̀lé e á ní ó wà lọ́hùn-ún. Eyín òòyà dé nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní ṣebí kí a kàn tú interlace gbogbo wọn ni, kí a sọ wọ́n di progressive, kí kálukú máa lọ. Rárá o. Bí ẹ bá tú fídíò tó ti jẹ́ progressive tẹ́lẹ̀, ẹ ń da ìdajì ìlà tó dára nù, ẹ sì ń ní kí kọ̀ǹpútà fojú inú wo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Lẹ́tà orí páálí á di rúdurùdu, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn agbádá á pa rẹ́. Bí ẹ bá sì fi èyí tó jẹ́ interlaced sílẹ̀ tí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù, eyín yẹn á wọnú àwòrán, kò ní jáde mọ́. Ó di dandan kí a mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Téèpù sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè jókòó tì, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ bá wa dá a mọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí sítúdíò gbà ni pé wọ́n bi fáìlì fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, kọ script, ìyẹn àkójọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ń fi irinṣẹ́ ffprobe ka àmì field_order (ètò field) lára fáìlì kọ̀ọ̀kan. Tí àmì bá sọ pé progressive, kí ó fi í sílẹ̀. Tí ó bá sọ pé tt tàbí bb, tó túmọ̀ sí interlaced, kí ó fi yadif, irinṣẹ́ ìtú interlace, tú u. Tí ó bá jẹ́ unknown, ìyẹn a kò mọ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Script náà ṣiṣẹ́ láì kọ́sẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Èyí tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n gbé fún àwọn ará Kàdúná.

Ibi méjì ló ti já wọn kulẹ̀, ọ̀kan sì dojú kọ ìkejì. VHS gba inú káàdì kan wọ kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwià tó ń gbà á wọlé kò sì kọ àmì kankan sí i lára, nítorí náà unknown ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú eyín. HDV ní tirẹ̀ jẹ́ àmì interlaced látòkè délẹ̀, wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ya mélòó kan nínú wọn ti yí kámẹ́rà sí 25p, ìyẹn progressive onífírémù 25. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ máa ń ya odindi fírémù lẹ́ẹ̀kan, á wá pín in sí field méjì kó lè wọ inú 50i, interlaced onífield 50, tí téèpù náà gbà. Field méjèèjì ti àkókò kan náà ni. Kò sí ohun tí a fẹ́ tú níbẹ̀, wọ́n sì ti tú u, àwòrán sì ti rọ̀.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà jù. Àmì inú MPEG-2 tàbí H.264, àwọn ọ̀nà tí a fi ń fún fídíò pọ̀, ń sọ bí ẹni tó fún fáìlì pọ̀ ṣe fún un pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí kámẹ́rà rí. Ẹni tó bá fẹ́ lè kọ progressive sára ohunkóhun.

Ọmọkùnrin náà gbọ́, ó sì lọ kọ òmíràn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà mú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wé èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá jọra, tí ti àárín sì yàtọ̀, eyín nìyẹn. Kí ó ka eyín inú fírémù, tí ó bá ti pọ̀, interlaced ni. Lórí téèpù ijó, ó ń mú un bí ológbò ṣe ń mú eku.

Ọ̀kan nínú MP4 inú fláàṣì ló kọ́kọ́ dà á rú. Ìpàdé ẹgbẹ́ ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, irú tí gbogbo ilé ìjọba àtijọ́ ní. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, gíláàsì kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ìlà kan lọ lójú kámẹ́rà: ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú. Lábẹ́ fèrèsé yẹn, ìyá kan gbé ìborùn aṣọ òkè lé èjìká, olówó góńgó, tí ilà tín-ín-rín rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Script ní eyín ló kún inú àwòrán náà, pé interlaced ni láìsí iyèméjì. Progressive ni. Mo ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n máa sún un ní fírémù kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹni kan gba iwájú fèrèsé kọjá. Etí aṣọ onítọ̀hún mọ́ rekete.

Inú fírémù kan ṣoṣo, kò sí ohun tó ya aṣọ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára eyín. Àkókò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilà aṣọ yóò ṣì wà níbẹ̀ nínú fírémù tó ń bọ̀, eyín kì í sí níbi tí nǹkan kò bá ti mì. Irinṣẹ́ tí kò bá wo fírémù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé kò lè dá a mọ̀, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ dára tó.

Irinṣẹ́ tó ń wo wọ́n wà ní ọ̀fẹ́, inú sọ́fítíwià fídíò FFmpeg ló wà, orúkọ rẹ̀ ni idet:

ffmpeg -i teepu.avi -vf idet -an -f null -

Ó tọ́ kí ẹni tó bá ń lò ó mọ ìbéèrè tó ń béèrè. Ó máa mú ìlà kan láti inú fírémù tó ṣáájú, á fi sí àárín àwọn ìlà tó yí i ká nínú fírémù ìsinsìnyí, á wò bó ṣe bá wọn mu sí. Á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fírémù tó ń bọ̀, á sì tún ṣe é pẹ̀lú ìlà ti fírémù náà gan-an. Bí fídíò bá jẹ́ interlaced, ìlà apá kan á bá ti àná mu ju ti ọ̀la lọ, ti apá kejì á sì yí i padà. Láti ara èyí ló ti ń mọ̀ bóyá field òkè (ti ìlà kìíní, ìkẹta) ló ṣáájú, tó ń pè ní TFF, tàbí ti ìsàlẹ̀ (ti ìlà ìkejì, ìkẹrin), tó ń pè ní BFF. Bí àná àti ọ̀la bá jìnnà bákan náà, tí ìlà ti fírémù fúnra rẹ̀ sì bá a mu jù wọ́n lọ dáadáa, progressive ni. Bí gbogbo wọn bá jọra, á ní òun kò lè sọ: undetermined. Ìwọ̀n tó fi ń pinnu wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yí i: intl_thres jẹ́ 1.04, prog_thres jẹ́ 1.5, bí wọ́n ṣe gbé e wá.

A fi MiniDV ijó kan dán an wò, BFF ló kún inú èsì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí field ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣáájú nínú DV, ìlànà tí MiniDV ń lò. Inú ọmọ iṣẹ́ dùn. Ó fi òfin kan sínú script rẹ̀: tí fírémù interlaced bá pọ̀ ju progressive lọ nínú téèpù, kí ó tú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi í sílẹ̀. Ìdájọ́ kan fún téèpù kan.

Òfin yìí dà bí ẹni pé ó tọ́, òun ló sì fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. VHS ọdún kan wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: alága, olórí àlejò, àdúrà, alága lẹ́ẹ̀kan sí i. Wákàtí kan jẹ́ fírémù 90,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, undetermined ni, torí pé kò sí ohun tó ń mì ju ètè lọ, èérí VHS sì bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀. Nínú ìwọ̀nba tí idet ti rí nǹkan sọ, progressive ló pọ̀ jù. Báwo ni VHS láti inú kámẹ́rà ọdún yẹn ṣe máa jẹ́ progressive?

Ọmọkùnrin náà fẹ́ gba èsì yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ni kò gbà, ó ní òun mọ kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á. A wá ní kí idet kọ èsì fírémù kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dípò àròpọ̀. FFmpeg ń kọ ọ́ sábẹ́ lavfi.idet.multiple.current_frame, metadata=print sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí a wo ibi tí "progressive" wọ̀nyẹn bọ́ sí, ibi tí ayàwòrán ti pa kámẹ́rà tó sì tún tàn án ni gbogbo wọn. Lójú ibi tí àwòrán ti gé, fírémù tó ń bọ̀ kò jọ ti ìsinsìnyí níbì kankan, ìlà òkè ni o, ìlà ìsàlẹ̀ ni o. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ bákan náà ní apá méjèèjì, ohun tí idet sì ń pè ní progressive gan-an nìyẹn. Ìgbà mìíràn kò sí tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka àròpọ̀ nìkan kò lè mọ̀ pé ibi àgékù ló ti ń gba ẹ̀rí.

Láti ọjọ́ yẹn la ti yí ọ̀nà padà. A gé téèpù sí abala abala níbi tí àwòrán ti gé, a sì da fírémù ẹ̀bá ibi àgékù nù kúrò nínú ìṣirò. Undetermined kì í ṣe ìbò fún ẹnikẹ́ni. Abala tí fírémù tó sọ̀rọ̀ bá tẹ̀lé ara wọn dáadáa, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan, ni ẹ̀rọ ń dájọ́ fún. Abala tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀ lọ sọ́wọ́ èèyàn. Bí abala ìdákẹ́jẹ́ bá wà láàárín méjì tó jẹ́ TFF lórí téèpù kan náà, tí wọ́n gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, TFF ni òun náà. Fún VHS, a tún gé bẹ́líìtì èérí tó máa ń mì nísàlẹ̀ àwòrán kúrò lójú idet, torí pé kò dákẹ́, kò sì sọ òótọ́.

Ọwọ́ èèyàn tí mo wí yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi separatefields ya field sọ́tọ̀, kí ó máa sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó wá ohun kan tó ń yára. Nínú HDV tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, onídùndún kan ló gbà wá. Mo tẹjú mọ́ orí kọ̀ǹgọ́ rẹ̀. Field kan: kọ̀ǹgọ́ wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé: ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Ìkẹta: ó ti balẹ̀ dé awọ. Ìkẹrin: ibẹ̀ náà. Méjì méjì ló ń rìn. Ká ní interlaced ni, kì bá tí dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà. idet náà ti sọ pé progressive ni, àmì ara fáìlì ló ń takò ó. A kò tú u, setfield=prog nìkan la fi tún àmì rẹ̀ ṣe. Wàhálà kékeré kan ṣẹ́ kù: àwọ̀ inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ìpín field méjì, ẹni tó bá yí i padà láì sọ èyí fún sọ́fítíwià á rí etí gèlè pupa tó rí ṣákaṣàka.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Hawan Sallah. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ló yà á ní Zaria sórí VHS, ẹṣin tó pọ̀, eruku tó pọ̀, kàlàngú ń dún lẹ́yìn. Kò sí téèpù tó dára tó èyí fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹsẹ̀ ẹṣin kì í dúró. idet ní TFF títí dé bíi àárín, ó sì yí sí BFF láti ibẹ̀ dé òpin. Téèpù kan náà, káàdì kan náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní irinṣẹ́ ti dà á rú.

Kò dà á rú. A sún ìdajì kejì ní field kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ètò TFF tí a lò fún ti àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin funfun kan lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún fò síwájú, ó tún padà. Ẹṣin kì í sáré bẹ́ẹ̀. A bi ẹni tó gba téèpù wọlé, ó ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun fi gbà á, torí iná. Ní ọjọ́ kejì, ìlà orí àwòrán dọ̀tí, òun sì gé mẹ́ta kúrò lókè kó lè mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìlà kan péré tí àwòrán bá fi sún sókè, field òkè ti di ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sì ti di ti òkè. Ká ní méjì ló gé ni, kò sí ohun tí ì bá ṣe. 4:2:2, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ní àwọ̀ tirẹ̀, ni wọ́n fi pa á mọ́, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti gé mẹ́ta. Fún interlaced tó wà ní 4:2:0, níbi tí ìlà méjì ti ń pín àwọ̀ kan, mẹ́rin mẹ́rin ló dára kí èèyàn máa gé e. A bá ìdajì kejì lò gẹ́gẹ́ bíi BFF, ẹṣin sì ń sáré geere.

Nígbà tó kan títú wọn gan-an, a fi bwdif, irinṣẹ́ ìtú mìíràn, ṣe é, a sì jẹ́ kí field kọ̀ọ̀kan di fírémù kan, tó fi jẹ́ pé 50 ló ń jáde ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tẹ́lẹ̀, 25 ni sítúdíò ń mú jáde, ìyẹn ni pé ìdajì ijó ló ń lọ sínú ìgbẹ́. Àwọn kan ráhùn pé fáìlì ń jẹ dátà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wò ó, ó ní, "Báyìí ni ìyá ọmọ mi ṣe ń jó," ọ̀rọ̀ dátà sì parí síbẹ̀.

MP4 inú fláàṣì kù. Àmì wọn ní progressive. idet ní tirẹ̀ ń sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀: díẹ̀ TFF, díẹ̀ progressive, undetermined rẹpẹtẹ. Tí ẹ bá sì wò wọ́n, eyín wà lára wọn, ó nípọn, ó sì ń yí ìwọ̀n padà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ti mú interlaced onílà 576, ó sì ti fẹ̀ ẹ́ sí 720 láì tú u. 720 sí 576 jẹ́ 1.25, nítorí náà eyín tó yẹ kó máa yí ní ìlà kọ̀ọ̀kan ti fà gùn, ó sì ti dà pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń fi ìlà kan wé èyí tó kàn án kò rí ohun tó ń wá mọ́. Mo ti kọ́ láti máa ka irú èsì rúdurùdu bẹ́ẹ̀ sí ìdáhùn kan lọ́tọ̀: fáìlì onílà 720 kò lè jẹ́ interlaced láti inú kámẹ́rà, torí pé progressive nìkan ni ìlànà 720 ní, bí eyín bá sì wà lára rẹ̀, àfọwọ́fà ni, kí ẹ wá orísun rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀gá sítúdíò pe akọ̀wé, akọ̀wé pe Kàdúná. Wọ́n rí díẹ̀ nínú àwọn téèpù náà nílé opó ẹni tó yà wọ́n, wọ́n dì wọ́n sínú páálí bisikíìtì, wọ́n fi ránṣẹ́. A gbà wọ́n wọlé lọ́tun. Èyí tí a kò rí téèpù rẹ̀ la fi sílẹ̀ bó ṣe wà. A kò fi filter kankan tún un ṣe, torí pé gbogbo èyí tí a dán wò ló ń sọ ojú àwọn èèyàn di ìkùukùu kí eyín tó kúrò.

Ohun tí sítúdíò náà ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ báyìí ni pé ojúlówó ohun tó ti ara téèpù jáde wà ní FFV1, ọ̀nà ìpamọ́ tí kì í da ohunkóhun nù nínú àwòrán, a kò tú u, a kò gé ìlà kankan lára rẹ̀. Ẹ̀dà tí a tú ló ń lọ sórí fóònù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó kọ̀ọ̀kan, fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń sọ ọ̀nà tí téèpù gbà wọlé, abala wo ni TFF, èwo ni BFF, èwo ni progressive, àti bóyá ẹ̀rọ ló dájọ́ ni tàbí ojú èèyàn. Níbi tó bá ti jẹ́ ojú èèyàn, wọ́n ń kọ ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdù ibi tí ó ti rí ẹ̀rí sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wò ó fúnra rẹ̀.